Ìpààrọ̀ Ọkàn: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lẹ́nu Àwọn Èèyàn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, ni mo ṣe kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó le wà nísàlẹ̀. Ẹ fo èyí tí ẹ bá ti mọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìpààrọ̀ ọkàn?

Iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n á yọ ọkàn tó ti kọṣẹ́ kúrò láyà aláìsàn, wọ́n á fi ọkàn tó yè kooro, tí wọ́n gbà lára ẹni tó ti kú, rọ́pò rẹ̀.

Ẹran ara ni ọkàn tí à ń sọ níhìn-ín, èyí tó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, tó tó ìkúùkù, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara tọ̀sán-tòru. Mo tètè là á nítorí pé ọkàn lédè wa ju ẹran lọ: òun la fi ń rò, òun la fi ń fẹ́ràn ẹni, òun náà ló ń dàrú nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Ìdàpọ̀ méjèèjì yìí ló bí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

Ta ni wọ́n ń ṣe é fún?

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kọjá ibi tí oògùn lè bá a dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹni jókòó ló ṣe ń sùn, pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́yìn, nítorí pé tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, bí ẹni tó ń rì sómi ló máa ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Ó lè jẹ́ pé ẹran ọkàn ló fẹ̀ tí kò lágbára mọ́, tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ló dí tí apá kan fi kú, tàbí àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ọn ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló ń rí i gbà o. Bí jẹjẹrẹ bá ń bá èèyàn jà lọ́wọ́, tàbí kòkòrò àrùn wà lára rẹ̀ tí kò tíì lọ, tàbí kò lè jáwọ́ nínú sìgá, wọ́n á ní kó dúró ná. Òmíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn: bí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba inú òpó ẹ̀dọ̀fóró bá ti ga jù, tí kò sì ṣeé rọ̀ wálẹ̀, ewu ńlá ni. Apá ọ̀tún ọkàn tuntun kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Ó lè ṣubú sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, nílé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, Gúúsù Áfíríkà. Christiaan Barnard ló ṣáájú àwọn oníṣẹ́ abẹ náà. Louis Washkansky ni wọ́n ṣe é fún. Ọkàn ọ̀dọ́bìnrin kan tí mọ́tò gbá ni wọ́n fi sí i. Ọjọ́ 18 ló lò. Òtútù àyà ló pa á, nítorí pé oògùn tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ bá ọkàn àlejò jà ni kò jẹ́ kó lè bá kòkòrò àrùn jà pẹ̀lú.

Orúkọ Barnard gba ayé kan. Ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni Norman Shumway àti Richard Lower ti ń fi ajá kọ́ iṣẹ́ yìí ní Stanford, ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n tiwọn ni Barnard sì lò. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ro oko, ọ̀tọ̀ lẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ nígbà ìkórè.

Ọjọ́ 18 péré? Kí ló wá yí i padà?

Kò tètè yí padà. Lọ́dún 1968, àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé sáré sídìí ẹ̀, wọ́n ṣe nǹkan bí 100. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà kú láàárín oṣù díẹ̀, ojú ti ọ̀pọ̀ dókítà, wọ́n sì pa á tì. Shumway àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pa á tì ní tiwọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé rírán ọkàn mọ́ ara kọ́ ni ìṣòro. Bí ẹ ṣe máa mú kí ara gbà á ni.

Ara wa ní ọmọ ogun tirẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá àlejò mọ̀ kí wọ́n sì lé e. Wọn kò mọ̀ pé àlejò yìí ló fẹ́ gbà wọ́n là. Bí wọ́n bá ti dojú kọ ọkàn tuntun, a ní ara ń kọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ó dìgbà tí ọkàn bá ti ń kú lọ kí dókítà tó mọ̀. Lọ́dún 1973, Philip Caves mú irinṣẹ́ kan jáde ní Stanford: wáyà gígùn tó ní ẹnu kékeré lórí. Wọ́n á tì í gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọ inú ọkàn lọ, á gé ẹran díẹ̀díẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á lọ wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ojú ni aláìsàn ń là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é.

Èkejì ni oògùn cyclosporine. Inú irúfẹ́ olú tíntìntín kan tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway ni ilé iṣẹ́ Sandoz ní Switzerland ti rí i. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1983, látìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti wá di iṣẹ́ tí èèyàn lè fọkàn tẹ̀.

Ibo ni ọkàn náà ti ń wá? Ṣé alààyè lè fi tọrẹ?

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú ló sábà máa ń wá, bí àpẹẹrẹ ẹni tó fi orí gbá nínú ìjàǹbá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ya sí lọ́pọlọ. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí, ìyẹn ni ọkàn rẹ̀ fi ṣì ń lù.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí alààyè fi lè fi ọkàn tọrẹ tí kò sì ní kú. Bí ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan bá bàjẹ́ tí ọkàn rẹ̀ sì dára, nígbà míràn ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n máa ń pààrọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn tirẹ̀ tí wọ́n yọ kò ní ṣòfò, ẹlòmíràn tó ń dúró ló máa gbà á. Ó ṣọ̀wọ́n o, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é.

Ṣé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kú ti kú lóòótọ́? Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ó ṣòro fún ìyá tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, tó ń rí i tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, láti gbà pé ọmọ ti lọ.

Ẹ má fi wé ẹni tó kàn dákú tí kò tíì jí. Nínú ìyẹn, ọpọlọ ṣì ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Nínú èyí, kò sí nǹkankan mọ́, kò sì ní sí mọ́. Wọ́n á tan iná sí ẹyinjú, kò ní sún kì. Wọ́n á fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun, kò ní wúkọ́. Wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó pọ̀, wọ́n á wá dá ẹ̀rọ tó ń bá a mí dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá kù díẹ̀ á mí. Bí kò bá mí rárá, ó ti tán. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí kò gbọ́dọ̀ sí lára àwọn tó fẹ́ gba ọkàn náà.

Ìgbìmọ̀ kan ní yunifásítì Harvard ló kọ́kọ́ la ìlànà yìí kalẹ̀ lọ́dún 1968. Ibi tí wọn kò bá ti fi òótọ́ ṣe é, ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń bà jẹ́. Lọ́dún 1968 kan náà, wọ́n pààrọ̀ ọkàn ẹnì kan ní Sapporo ní Jàpáánì, àwọn èèyàn sì fura pé olùtọrẹ kò tíì kú tán. Títí di ọdún 1999, Jàpáánì kò tún ṣe òmíràn mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọkàn tó bá èèyàn mu?

Oríṣi ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìwọ̀n ara ni èkejì: ọkàn ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè gbé ara òmìrán. Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun ìjà tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, tàbí obìnrin tó ti lóyún rí, lè ti ní èròjà kan lára tó ń bá ẹran ara ẹlòmíràn jà. Irú wọn ló máa ń pẹ́ jù lórí ìlà.

Àwọn ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ara wọn kò tíì kọ́ bí a ṣe ń kórìíra oríṣi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, nítorí náà wọ́n lè gba ọkàn tí oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tiwọn mu. Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́dún 1996. Ó wù mí púpọ̀: àìmọ̀ ló gba ọmọ là.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń sáré tó bẹ́ẹ̀?

Wákàtí mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti gé ọkàn, tí wọ́n kì í sínú yìnyín, iye wákàtí tí wọ́n máa ń fẹ́ lò kí ẹ̀jẹ̀ tó tún wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Kíndìnrín lè dúró fún ọjọ́ kan gbáko. Ọkàn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń gbé e lóru, tí wọ́n á sì ti máa la àyà ẹni tó fẹ́ gbà á kí ti olùtọrẹ tó balẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun kan ti ń yí èyí padà. Wọn kò ki ọkàn sí yìnyín mọ́: wọ́n á so ó mọ́ páìpù nínú àpótí, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á máa gba inú rẹ̀ kọjá, á sì máa lù níbẹ̀ láìsí ara kankan. Ọ̀nà tó jìn tẹ́lẹ̀ ti wá ṣeé rìn. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti yìnyín lọ fíìfíì ṣá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ?

Wọ́n á fi ayùn la egungun àyà láti òkè délẹ̀. Wọ́n á so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á gé ọkàn àtijọ́ kúrò. Fún ìgbà díẹ̀, ihò lásán ló wà láyà ẹni tó ṣì wà láàyè. Wọ́n á gbé tuntun sí i, wọ́n á rán an láti ẹ̀yìn wá síwájú: yàrá òsì ọkàn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, àti òpó ńlá méjì tó ń gbé e jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú ohun tí wọ́n fi dí òpó ńlá. Títí di ìgbà yẹn, ọkàn náà tutù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á wọ inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀díẹ̀, á máa gbọ̀n rìrì bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Nígbà míràn, wọ́n á fi iná mànàmáná tì í díẹ̀. Yóò sọ lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Yóò tún sọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó máa lù ní tirẹ̀.

Bí kò bá sí ọkàn ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ò lè ṣe é?

Amẹ́ríkà nìkan ń pààrọ̀ ọkàn tó lé ní 4,000 lọ́dún, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà lórí ìlà, àwọn kan sì ń kú síbẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ra àkókò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ ọkàn, tó ń bá apá òsì rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀. Wáyà kan á gba awọ ikùn jáde lọ sídìí bátìrì tí aláìsàn gbé kọ́ ara. Yíyí ló ń yí láìdúró, kì í lù. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ lè fọwọ́ kan ọrùn-ọwọ́ ẹni tó jókòó tó ń bá a sọ̀rọ̀, kó má bá ìlù kankan níbẹ̀. Àwọn kan ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú ibi tí wáyà gbà jáde ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, kòkòrò àrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ sì tún lè dì kó lọ dí ọpọlọ.

Ẹ̀rọ tó gba ipò ọkàn pátápátá náà wà. Lọ́dún 1982, Barney Clark gba irú rẹ̀, Jarvik-7, ní ìpínlẹ̀ Utah, ó sì lo ọjọ́ 112. Lọ́dún 2024, wọ́n kọ́kọ́ fi BiVACOR, tí ohun kan ṣoṣo ń yí nínú rẹ̀, sáyà èèyàn ní Texas. Afárá ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gba ipò ọkàn pátápátá títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ń gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ ọkàn èèyàn ni.

Báwo ni ayé ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀?

Oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ ọkàn, títí ayé. Tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone ni ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Aago ni wọ́n fi ń lo tacrolimus: bí ẹ bá lo ti àárọ̀ ní aago mẹ́jọ, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ti alẹ́. Èso grapefruit ń sọ ọ́ di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn ewé kan wà tó ń sọ ọ́ di díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ohunkóhun tí dókítà yín kò mọ̀ sẹ́nu.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti ẹni tí ara rẹ̀ yá tó wá rò pé òun lè sinmi oògùn. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ti rẹ̀ láti máa gbé ayé bí aláìsàn. Ara tó ń kọ ọkàn kì í sábà ké gbàjarè kó tó ṣe é. Òtítọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé ẹ fi àìsàn kan pààrọ̀ òmíràn ni, àmọ́ ti kejì ṣeé bá gbé.

Kí ló dé tí ọkàn tuntun fi ń yára lù, bí mo tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́?

Wọ́n rán òpó ẹ̀jẹ̀, wọn kò lè rán okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá sọ́dọ̀ ọkàn. Okùn tó ń fà á sẹ́yìn ti gé, nítorí náà ó ń lù ní nǹkan bí 90 sí 110 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá dìde kí ẹ sáré, kò ní tètè mọ̀. Ó dìgbà tí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ bá gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rìn díẹ̀ kí ẹ tó sáré, kí ẹ sì máa rọra dúró. Ewu ibẹ̀ ni pé bí òpó rẹ̀ bá dí, àyà lè má dùn yín rárá.

Ọdún mélòó ni èèyàn lè lò, kí ló sì ń pa wọ́n nígbẹ̀yìn?

Níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń rí òpin ọdún kìíní. Ìdajì ń kọjá ọdún 12. Ọkùnrin ará Netherlands kan tí wọ́n ṣe é fún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1984 ti lò ó ju ọdún 39 lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, kòkòrò àrùn àti ọkàn tí kò tètè jí ló ń pa wọ́n. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ohun mẹ́ta ni: òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tuntun tó ń fún pọ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tó fi jẹ́ pé wọn kò lè la ojú ibì kan kó tán, jẹjẹrẹ, pàápàá ti awọ ara, nítorí pé ọmọ ogun ara tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ, àti kíndìnrín tí oògùn fúnra rẹ̀ ń jẹ. Níbí gan-an ni ìlọsíwájú ti falẹ̀ jù.

Ṣé obìnrin tó pààrọ̀ ọkàn lè bímọ?

Ó lè bí, ọ̀pọ̀ ti bí. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá dókítà jókòó kó tó lóyún, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀: mycophenolate ń ba ọmọ inú jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yí i padà ṣáájú.

Ṣé ìwà olóògbé lè bá ọkàn rẹ̀ wọlé?

Ìbéèrè tí mo ní mo máa padà sí nìyí. Ìrántí, ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù, ọpọlọ ni wọ́n ń gbé, ọpọlọ kò sì kúrò níbi tó wà. Kò sí ẹ̀rí tó dúró pé ìwà ń bá ẹran ọkàn rìn.

Síbẹ̀, mi ò ní fi ẹni tó bá ní òun yàtọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Prednisolone ń yí ìṣesí padà, ó ń mú kí ebi pani, kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ẹni tí ikú fọwọ́ kàn tó sì padà wá, kò lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kó tún wá mọ̀ pé ẹlòmíràn kú kí òun tó rí èyí gbà. Ìyẹn nìkan tó láti yí ènìyàn padà.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń lo ọkàn tó ti dúró. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ilé ìwòsàn St Vincent's ní Sydney, Ọsirélíà, kéde irú rẹ̀ lọ́dún 2014. Olùtọrẹ ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì kú tán ṣùgbọ́n tí kò lè yè. Ẹbí àti dókítà á gbà láti yọ ẹ̀rọ, ọkàn á dúró fúnra rẹ̀, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ ọ́ lọ sínú ẹ̀rọ, níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà. Ọkàn tó ṣeé lò ti pọ̀ sí i nípa bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn wà lórí ọ̀nà kejì, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ara olóògbé fúnra rẹ̀ kí ọkàn lè jí níbẹ̀, tí wọ́n sì ń dí ọ̀nà ọpọlọ. Àwọn kan ní bí ọkàn bá ti tún ń lù nínú ara kan náà, báwo la ṣe sọ pé ó kú? Ìbéèrè náà kò tíì tán nílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú sọ ọ́ di kékeré.

Ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?

Ọkàn ẹranko kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Lọ́dún 1964, kódà ṣáájú Barnard, James Hardy ti fi ọkàn ìnàkí sáyà èèyàn ní Mississippi; nǹkan bí wákàtí kan ló lò kó tó kọṣẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2022, ní yunifásítì Maryland, David Bennett gba ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yí jíìnì mẹ́wàá padà lára rẹ̀. Ó lo oṣù méjì. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì ẹlẹ́dẹ̀ kan tó fara pa mọ́ sínú ọkàn náà, èyí tí àyẹ̀wò kò kọ́kọ́ mú. Lawrence Faucette ni ẹnìkejì, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ó lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹni bá ní wọ́n ti ṣe é tán ń purọ́, ẹni bá ní asán ni náà kò sòótọ́. Oṣù méjì jìnnà sí wákàtí kan.

Ṣé òfin tó bá ní gbogbo èèyàn ni olùtọrẹ àyàfi tó bá kọ̀ kò ní tán ìṣòro náà?

Òfin nìkan kò tó. Sípéènì ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí, ó sì ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ohun tó mú iye wọn gbéra ni àwọn dókítà tí wọ́n kọ́ dáadáa, tí wọ́n fi sínú àwọn ilé ìwòsàn láti ọdún 1989, tí iṣẹ́ wọn ni láti tètè mọ ẹni tó lè tọrẹ, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń bá ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń bi ẹbí. Bí ẹ kò bá tíì sọ ìfẹ́ inú yín fún àwọn ará ilé yín, àwọn ni wọ́n máa bi lóru ọjọ́ tó burú jù láyé wọn.

Ṣé mo lè mọ ẹni tó ni ọkàn tó wà láyà mi?

Níbi púpọ̀, wọn kì í sọ orúkọ. Wọ́n lè sọ ọjọ́ orí, kí wọ́n sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ lè kọ lẹ́tà láìfi orúkọ sí i, ilé ìwòsàn á bá yín fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í dáhùn, kì í ṣe ìbínú. Àwọn kan kàn lè kà á tán, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí ọdún márùn-ún kọjá kí wọ́n tó gbé bírò. Bí ìhà méjèèjì bá gbà, àwọn orílẹ̀-èdè kan ń jẹ́ kí wọ́n ríra. Ohun tí ẹbí sábà máa ń bèèrè níbẹ̀ ni pé ṣé àwọn lè fi etí lé e láyà.